Ohun Tó Ń Mú Thunderbird Háǹgì

Tí ètò ímeèlì orí kọ̀ǹpútà bá ti ń háǹgì lójoojúmọ́, ìmọ̀ràn tí ẹni tó ni ín máa ń kọ́kọ́ gbà ni pé kó yọ ọ́ kúrò, kó tún un fi sí i. Á ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bá ṣí i padà, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ á wà níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ètò náà á tún gan pa. Àwọn lẹ́tà tó bá níbẹ̀ yẹn gan-an ló yẹ kó jẹ́ kó fura. Ètò ló yọ kúrò, kò yọ lẹ́tà, nítorí pé ọ̀tọ̀ ni ibi tí ètò ń gbé, ọ̀tọ̀ ni ibi tí lẹ́tà ń gbé. Ọ̀dọ̀ lẹ́tà sì ni ìṣòro náà máa ń wà lọ́pọ̀ ìgbà.

Thunderbird ni mo fẹ́ fi ṣe àlàyé jù, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló sì lè fi sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Mozilla ló gbé ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ jáde ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 2004. Àwọn tó ń lo Outlook ti Microsoft á rí tiwọn nísàlẹ̀. Ẹni tí mo ní lọ́kàn bí mo ṣe ń kọ èyí ni irú òǹtẹ̀wé tó wà ní Ṣómólú l'Ékòó, tí àwọn oníbàárà ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí láti àárọ̀ dalẹ́: káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé ètò ìsìnkú, PDF àti àwòrán tó wúwo ni gbogbo rẹ̀. Bí ètò ímeèlì irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá gan ní Ọjọ́bọ̀, tí ìsìnkú sì jẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní kékeré. Ó yẹ kó mọ ohun tó ń ṣe kọ̀ǹpútà rẹ̀, kó má baà jẹ́ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló máa ta RAM fún un.

Ohun tí "Not Responding" ń sọ

Gbogbo bọ́tìnnì tí a bá tẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù, gbogbo ibi tí a bá fi máọ̀sì kàn, Windows ló ń kọ́kọ́ gbà á. Á tò wọ́n sórí ìlà, á sì máa retí kí ètò tó ni wọ́n wá mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ìṣẹ́jú àáyá 5 bá kọjá tí ètò náà kò wá mú ohunkóhun, Windows á gbé àwòrán fèrèsé rẹ̀ bo fèrèsé gidi mọ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí ojú rẹ̀ fi máa ń funfun. Lẹ́yìn náà ni á kọ "Not Responding" sókè. Windows ló kọ ọ́, Thunderbird kọ́. Ohun tó ń sọ kò ju pé a pe ètò náà, kò dáhùn. Kò sọ pé ó ti kú, kò sì sọ ohun tó fà á.

Ẹ wo ìyá olóúnjẹ tó dá nìkan wà ní búkà rẹ̀. Òun ló ń bu oúnjẹ, òun ló ń gba owó, òun náà ló ń pọn omi. Tó bá ti wọ ẹ̀yìnkùlé lọ síbi omi, kò sí ẹni tó máa dá oníbàárà lóhùn níwájú. Àwọn kan á máa pè é, àwọn kan á máa gbá tábìlì. Ìyá kò kú, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Omi ló ń pọn, pípè tí wọ́n sì ń pè é kò lè mú kí kèrègbè tètè kún. Bẹ́ẹ̀ ni Thunderbird rí. Apá kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ló ń dá wa lóhùn lójú fèrèsé, bí iṣẹ́ tó gùn bá sì bọ́ sí apá yẹn lọ́wọ́, ojú fèrèsé á dákẹ́ títí iṣẹ́ náà á fi parí.

Nítorí náà, títẹ máọ̀sì léraléra nígbà tó bá gan kò ràn án lọ́wọ́. Títẹ yẹn lè wọ orí ìlà, tí ètò bá sì jí, ó lè ṣe wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà: á ṣí lẹ́tà tí ẹ kò fẹ́ ṣí, á pa èyí tí ẹ kò fẹ́ pa rẹ́. Fífi End task pa ètò náà tipátipá tún léwu tó bá jẹ́ pé ó ń kọ nǹkan sórí dísìkì lọ́wọ́. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mélòó kan ná. Ìbéèrè tó yẹ kí a bi ara wa ni pé, kí ni Thunderbird ń dúró dè?

Ibi tí lẹ́tà ń gbé

Gbogbo ohun tó jẹ́ tiyín nínú Thunderbird, ìyẹn lẹ́tà, àdírẹ́sì àwọn ènìyàn, páásíwọ́ọ̀dù, gbogbo ohun tí ẹ ti yàn, inú fódà kan tí wọ́n ń pè ní Profile ni wọ́n wà. Láti dé ibẹ̀, ẹ ṣí Help, ẹ wá Troubleshooting Information, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Profile Folder sí, kí ẹ tẹ Open Folder. Ẹ máa rí fódà tó ń jẹ́ Mail, ẹ sì lè rí ImapMail. Mail ni ti àwọn tó ń gba lẹ́tà nípasẹ̀ POP, ImapMail sì ni ti àwọn tó ń lo IMAP.

Ìyàtọ̀ méjèèjì ṣe pàtàkì. POP ń kó lẹ́tà wá sórí kọ̀ǹpútà yín, bí ẹ kò bá sì sọ fún un pé kó fi ẹ̀dà sílẹ̀ lórí sáfà, èyí tó wà lọ́wọ́ yín nìkan ló kù láyé. Ní ti IMAP, orí sáfà ni lẹ́tà gidi wà, ẹ̀dà ni ti orí kọ̀ǹpútà. Bí fáìlì bá bàjẹ́, ẹni tó ń lo IMAP lè tún un kó wá. Ẹni tó ń lo POP kò ní ibòmíràn tó máa lọ.

Ẹ wọ inú fódà tó ń jẹ́ orúkọ sáfà yín. Fáìlì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Inbox, tí kò ní ìrù kankan lẹ́yìn orúkọ rẹ̀. Òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ Inbox.msf. Lábẹ́ Type, Windows á kọ "File" síwájú ti àkọ́kọ́, á sì kọ "MSF File" síwájú èkejì. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tóbi tó: àkọ́kọ́ lè jẹ́ 6 GB kí èkejì má ju MB díẹ̀ lọ. Inú èyí tó tóbi ni gbogbo lẹ́tà wà, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, láti orí èyí tó kọ́kọ́ wọlé títí dé ti àárọ̀ òní, nínú fáìlì kan ṣoṣo. Àtọ́ka lásán ni èyí tó kéré. Òun ló ń sọ fún Thunderbird pé lẹ́tà báyìí bẹ̀rẹ̀ níbi báyìí, lágbájá ló kọ ọ́, a ti kà á tàbí a kò tíì kà á.

Mbox ni wọ́n ń pe ọ̀nà ìpamọ́ yìí, orí Unix ló ti wá láti àwọn ọdún 1970. Ní àkókò yẹn, ọ̀rọ̀ lásán ni ímeèlì, ìlà bíi mélòó kan, kò sì sí ohun tó burú nínú kí a kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan. Ọdún 1992 ni Nathaniel Borenstein àti Ned Freed gbé ìlànà MIME jáde, èyí tó jẹ́ kí a lè so àwòrán àti fáìlì mọ́ lẹ́tà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ nìkan ni ojú ọ̀nà ímeèlì mọ̀ nígbà yẹn, nítorí náà wọ́n ní láti sọ àwòrán di ọ̀rọ̀ kó tó lè kọjá. Base64 ni wọ́n ń fi ṣe é: gbogbo báìtì 3 á di àmì 4. PDF tó jẹ́ 15 MB lọ́wọ́ oníbàárà á ti di bíi 20 MB kó tó wọ Inbox yín, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe máa wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá tẹ̀lé irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Ó wọ Inbox, 20 MB. Ẹ tẹ iṣẹ́ náà tán, ẹ gbé lẹ́tà lọ sí fódà tí ẹ pè ní Oníbàárà. Ohun tí Thunderbird ṣe ni pé ó kọ ẹ̀dà rẹ̀ sínú fáìlì Oníbàárà, ó wá sàmì sí ti inú Inbox pé kò sí mọ́. Kò fà á tu níbẹ̀, torí pé kó tó lè fa lẹ́tà kan tu láàárín fáìlì 6 GB, ó ní láti tún gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kọ. Lẹ́yìn oṣù kan ẹ pa lẹ́tà náà rẹ́, ó bọ́ sínú Trash, ẹ sì kó Trash dànù. Lójú yín, lẹ́tà ti lọ. Lórí dísìkì, 20 MB ṣì wà nínú Inbox, 20 MB sì wà nínú Oníbàárà.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ nídìí ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn ènìyàn gbà pé bí àwọn bá ti pa lẹ́tà rẹ́, fódà á fúyẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Irinwó lẹ́tà péré ni ẹ lè rí nínú Inbox, kí fáìlì tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì gbé ti ọdún márùn-ún dání. Àyè yẹn kò ní padà wá títí wọ́n á fi ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní Compact, tí màá dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ ti Thunderbird pátápátá, kí ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo fódà Profile sórí dísìkì mìíràn. Ẹ má ṣe é nígbà tí ètò náà ṣì wà ní ṣíṣí, torí pé fáìlì tí wọ́n ń kọ nǹkan sí lọ́wọ́ kì í dá ẹ̀dà tó pé.

Ìdènà kan wà níbí tó ti dá ọ̀pọ̀ ènìyàn lágara. Flash tí wọ́n ṣètò sí FAT32 kò lè gba fáìlì kan tó bá tó 4 GB, ì báà ṣófo tó 64 GB. Inbox tó jẹ́ 6 GB kò ní wọ ibẹ̀, Windows á sì máa sọ pé fáìlì náà tóbi jù. Flash náà kò bàjẹ́. Ẹ kó ohun tó wà lórí rẹ̀ kúrò, kí ẹ tún un ṣètò sí exFAT tàbí NTFS, á gbà á.

Wíwádìí ohun tó ń dá a dúró

Nígbà tí Thunderbird bá gan, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀. Task Manager á ṣí. Ẹ wo àwọn nọ́ńbà tó wà lókè: CPU, Memory, Disk, Network. Ibí yìí gan-an la ti ń mọ ibi tí ìyà ti ń jẹ kọ̀ǹpútà.

Bí Disk bá wà ní 100%, tí CPU sì wà nílẹ̀, dísìkì ni Thunderbird ń dúró dè. Èyí wọ́pọ̀ gan-an lórí kọ̀ǹpútà tó ṣì ń lo háàdì dísìkì tó ń yí. Ẹ tẹ orí Disk kí ẹ lè rí ètò tó ń lò ó jù. Bí ẹ bá rí Antimalware Service Executable lókè pátápátá, antivirus Windows fúnra rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ìgbà tí lẹ́tà kan bá wọ Inbox, fáìlì ńlá yẹn ti yí padà, antivirus sì lè fẹ́ tún un yẹ̀ wò, kí Thunderbird tó lè fọwọ́ kàn án padà.

Bí CPU bá lọ sókè tí kò sọ̀kalẹ̀, ẹ fura sí àfikún tí ẹ fi sínú Thunderbird, tàbí sí àtọ́ka ìwákiri tó ń ka gbogbo lẹ́tà yín lọ́wọ́. Ẹ ṣí Tools, ẹ tẹ Activity Manager, á sọ ohun tó ń ṣe fún yín.

Bí Memory bá kún dẹ́nu, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ RAM ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ mọ́ wa. Bí kò bá kún, owó tí ẹ máa ná sórí RAM kò ní yí ohunkóhun padà. Ẹni tó bá ní owó díẹ̀ lọ́wọ́, tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣì ń lo háàdì dísìkì, SSD ni mo máa ní kó fi rà. Kò sí ohun mìíràn tí ẹ lè rà fún kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ẹ máa rí iṣẹ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn Task Manager, ìdánwò méjì ṣì kù tó rọrùn gan-an. Ẹ ṣí File, ẹ wá Offline, kí ẹ tẹ Work Offline, kí ẹ wá lo ètò náà fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ máa ṣí lẹ́tà àtijọ́. Bí kò bá gan mọ́, íntánẹ́ẹ̀tì tàbí kíkó lẹ́tà láti orí sáfà ni ọ̀rọ̀ náà wà. Bí ó bá ṣì ń gan, ẹ gbójú kúrò lára íntánẹ́ẹ̀tì, inú kọ̀ǹpútà ni ìṣòro wà. Ìdánwò kejì ni Troubleshoot Mode, tó wà nínú Help. Ẹ sì lè di Shift mú bí ẹ ṣe ń ṣí Thunderbird lórí Windows. Ó ń ṣí ètò náà láìlo àfikún kankan. Bí gbogbo nǹkan bá ń lọ geere níbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn àfikún yín ló jẹ̀bi. Ẹ pa gbogbo wọn, kí ẹ máa tan wọ́n padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ẹ ó fi mú un.

Ní ti fáírọ́ọ̀sì tí gbogbo ayé máa ń dárúkọ: ó ṣeé ṣe, àmọ́ ohun tí mo máa fi sí ìdí àtòjọ ni. Ìwọ̀n Inbox àti antivirus tó ń ṣọ́ ọ ló ń fa ìṣòro yìí ju fáírọ́ọ̀sì lọ. Ẹ lè ní kí antivirus má máa yẹ fódà Profile wò mọ́. Ẹ lọ sí Windows Security, Virus & threat protection, Manage settings, ẹ wá Exclusions nísàlẹ̀. Ìyẹn kò ní kí ẹ wà láìní ààbò, torí pé fáìlì tí ẹ bá fà jáde nínú lẹ́tà sórí kọ̀ǹpútà, antivirus á yẹ̀ ẹ́ wò bó bá ṣe ń jáde. Àǹfààní kejì tó wà nínú rẹ̀ ni pé tí antivirus bá rí ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn nínú lẹ́tà kan ṣoṣo, kò ní lè gbé gbogbo Inbox tì mọ́lé, nítorí fáìlì kan ni gbogbo wọn jẹ́ lójú rẹ̀.

Compact àti Repair Folder

Ẹ fi bọ́tìnnì ọwọ́ ọ̀tún máọ̀sì tẹ orúkọ fódà, kí ẹ yan Compact. Thunderbird á ka fáìlì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, á kọ àwọn lẹ́tà tí kò ní àmì ìparẹ́ sínú fáìlì tuntun, á sì ju ti àtijọ́ nù. Nítorí pé ẹ̀dà tuntun ló ń kọ, ó nílò àyè lórí dísìkì. Bí Inbox bá jẹ́ 6 GB tí àyè tó ṣẹ́kù sì jẹ́ 2 GB, ẹ má dáwọ́ lé e. Ẹ kọ́kọ́ kó fídíò àti àwọn nǹkan mìíràn kúrò. Lásìkò tó bá ń ṣiṣẹ́ yìí, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá gan nígbà yẹn, iṣẹ́ ló ń ṣe.

Àwọn kan ń bẹ̀rù Compact, wọ́n ní á jẹ àwọn lẹ́tà wọn. Lẹ́tà tí ẹ̀yin fúnra yín ti pa rẹ́ nìkan ló ń kó lọ. Thunderbird fúnra rẹ̀ máa ń dábàá rẹ̀ bí àyè tó lè gbà padà bá ti pọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń kọ̀ nítorí ìbẹ̀rù yìí, títí Inbox á fi wú.

Repair Folder ní iṣẹ́ tirẹ̀. Àtọ́ka ló ń tún kọ, ìyẹn fáìlì msf. Nígbà tí ètò bá gan ní kété tí ẹ bá ti tẹ fódà kan pàtó, tí àwọn fódà yòókù sì dára, tàbí tí ẹ bá tẹ lẹ́tà kan tí ẹlòmíràn ṣí, àtọ́ka fódà yẹn ló ti yapa sí fáìlì tó ń tọ́ka sí. Ẹ fi bọ́tìnnì ọwọ́ ọ̀tún tẹ fódà náà, ẹ yan Properties, kí ẹ tẹ Repair Folder. Ẹ ṣe Compact ṣáájú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ́tà tí ẹ ti pa rẹ́ lè tún yọjú.

Ẹni tó ń lo IMAP gbọ́dọ̀ fiyè sí dátà rẹ̀ níbí. Repair Folder á ju ẹ̀dà orí kọ̀ǹpútà nù, á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbogbo lẹ́tà fódà náà láti orí sáfà. Lórí fódà 6 GB, dátà oṣù kan lè lọ ní ọ̀sán kan. Ẹ dúró dìgbà tí ẹ bá wà níbi tí Wi-Fi wà.

Bí Thunderbird bá ń gan kó tó jẹ́ kí ẹ tẹ Properties, ọ̀nà mìíràn wà. Ẹ ti ètò náà, ẹ wọ fódà Profile, ẹ pa Inbox.msf rẹ́. Èyí tó ní ìrù nìkan. Mo tún un sọ nítorí pé àwọn kan ti pàdánù ohun tí kò ṣeé rà padà níbí: ẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan Inbox tí kò ní ìrù, ibẹ̀ ni lẹ́tà yín wà. Bí ẹ bá ṣí Thunderbird padà, á kọ àtọ́ka tuntun fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni global-messages-db.sqlite, àtọ́ka tó ń lò fún ìwákiri nínú gbogbo lẹ́tà. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá ń wá nǹkan ló ń gan, ẹ pa á rẹ́ nígbà tí ètò wà ní títì, á tún un kọ́. Ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí bí lẹ́tà bá pọ̀, ara kọ̀ǹpútà á sì wúwo ní àkókò yẹn.

Ọ̀rọ̀ iná

Kí ló ń mú kí àtọ́ka yapa? Lọ́dọ̀ wa, iná ló pọ̀ jù níbẹ̀. Thunderbird ń kọ lẹ́tà tuntun sínú Inbox, ó fẹ́ kọ ibi tó wà sínú msf, wọ́n mú iná lọ. Lẹ́tà wọlé, àtọ́ka kò mọ̀ nípa rẹ̀. Tàbí ó kọ lẹ́tà dé ìdajì. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ léraléra láàárín ọdún kan, kò yẹ kó yà yín lẹ́nu pé fódà náà ń gan. Laptop kì í sábà ní ìṣòro yìí, torí bátìrì rẹ̀ á gbà á. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ló ń jìyà rẹ̀. UPS ló máa gbà á, kò sì pọn dandan kó lágbára tó máa gbé e fún wákàtí kan. Kó ṣáà fún yín ní ìṣẹ́jú díẹ̀ láti ti ètò náà dáadáa. Dídi bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà mú títí á fi kú nítorí pé Thunderbird gan kò yàtọ̀ sí pé wọ́n mú iná lọ.

Bí ó bá jẹ́ Gmail lẹ ń lò

Ohun tí à ń rí bíi fódà nínú Gmail, àmì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ lẹ́tà ni. Lẹ́tà kan lè ní àmì Inbox, kó tún wà nínú All Mail.  Thunderbird ń fi wọ́n hàn bíi fódà méjì, ó sì lè kó lẹ́tà kan náà wá lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ lọ sí Account Settings, Synchronization & Storage, ẹ tẹ Advanced, kí ẹ yọ All Mail kúrò nínú àwọn fódà tó ń kó wá. Èyí nìkan máa ń dín ẹrù kù gidi.

Bákan náà, Gmail kò gbà ju ìsopọ̀ IMAP 15 lọ lẹ́ẹ̀kan náà fún àkáǹtì kan. Thunderbird kan lè lo 5 nínú rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà mẹ́ta ní ilé iṣẹ́ bá ń lo àdírẹ́sì kan ṣoṣo, tí fóònù ọ̀gá sì tún wà nídìí rẹ̀, àyè ti kún, àwọn kan á máa dúró de ara wọn. Nínú Server Settings, lábẹ́ Advanced, ẹ lè dín nọ́ńbà yẹn kù sí 2 lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó ń lo Outlook

Outlook àtijọ́, tí wọ́n ń pè ní classic báyìí, kì í lo mbox. Gbogbo nǹkan ló ń kó sínú fáìlì PST tàbí OST: lẹ́tà, kàlẹ́ńdà, àdírẹ́sì. Láti ẹ̀dà 2010, 50 GB ni ìwọ̀n tí wọ́n fi sí i. 20 GB ni ti 2003 àti 2007. Ti àwọn tó ṣáájú wọn kò ju 2 GB lọ. Àmọ́ kò dìgbà tó bá dé 50 GB kó tó máa dákẹ́ lọ, dákẹ́ bọ̀. Microsoft fúnra rẹ̀ ti sọ pé bí fáìlì bá ti kọjá 10 GB, kí ẹni tó ń lò ó máa retí ìdádúró ráńpẹ́ lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà.

Ẹ tẹ Windows àti R, ẹ kọ outlook.exe /safe. Bí kò bá gan níbẹ̀, ẹ ṣí File, Options, Add-ins, kí ẹ pa àwọn COM Add-ins ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ṣì ń gan, scanpst.exe ni irinṣẹ́ tí Microsoft ṣe fún títún PST ṣe. Ẹ dá ẹ̀dà fáìlì náà kí ẹ tó lò ó. OST rọrùn jù bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀dà ohun tó wà lórí sáfà ni: ẹ ti Outlook, ẹ yí orúkọ fáìlì náà padà, ẹ ṣí i, á kó tuntun wá. Ẹ kò sì gbọdọ̀ fi PST sínú fódà tó ń bá íntánẹ́ẹ̀tì lọ bíi OneDrive, tàbí sórí kọ̀ǹpútà mìíràn ní ilé iṣẹ́ kí ẹ máa ṣí i láti òkèèrè. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ PST ti ń bàjẹ́.

Bí ó bá jẹ́ dísìkì ni

Tí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, tí Thunderbird ṣì ń gan, ẹ dá Profile tuntun. Ẹ ti Thunderbird, ẹ tẹ Windows àti R, ẹ kọ thunderbird.exe -p, ẹ tẹ Create Profile, kí ẹ fi àkáǹtì yín sínú rẹ̀. Kò ní pa ti àtijọ́ rẹ́. Ẹni tó ń lo POP kó kọ́kọ́ yan pé kí lẹ́tà wà lórí sáfà, kó má baà jẹ́ pé Profile ìdánwò ló máa kó lẹ́tà tuntun lọ. Bí tuntun yìí kò bá gan, inú Profile àtijọ́ ni àléébù wà, ẹ sì lè máa kó lẹ́tà bọ́ sínú tuntun ní díẹ̀díẹ̀.

Bí òun náà bá ń gan, ẹ padà síbi ẹ̀dà tí mo ní kí ẹ dá níbẹ̀rẹ̀. Ṣé Inbox dá ẹ̀dà tán láìdúró? Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ìgbà ló ń dúró síbì kan náà, tàbí tí dísìkì ń dún káká-káká nígbà tó bá dé ibẹ̀, apá kan lórí dísìkì náà ti kú, Thunderbird kò jẹ̀bi ohunkóhun. Ẹ má ṣe Compact lórí irú dísìkì bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe Repair, torí pé méjèèjì á mú kó ka gbogbo fáìlì náà láti òkè délẹ̀, kó tún máa kọ òmíràn lórí ohun tó ti ń kú lọ. Ẹ kọ́kọ́ kó àwọn fódà kéékèèké jáde, lẹ́yìn náà Inbox, kí ẹ tó gbé kọ̀ǹpútà náà lọ fún ẹni tó máa pààrọ̀ dísìkì rẹ̀. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ sọ fún un kó má nu ti àtijọ́ kí ẹ tó ṣí Thunderbird lórí tuntun, tí ẹ sì ti fojú rí i pé lẹ́tà yín pé.